Déètì inú Excel: bọ́tìnnì wo ló yá jù, kí ló sì ń da àwọn déètì wa rú?

Akọ̀wé Àjẹsẹ́kù

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ojúmọ́ o. Èmi ni mò ń tọ́jú ìwé ẹgbẹ́ alájẹsẹ́kù wa ní Ìbàdàn. Gbogbo owó tí ọmọ ẹgbẹ́ bá san, inú Excel la ń kọ ọ́ sí: orúkọ, iye owó, àti ọjọ́ tó san án. Orúkọ àti owó kì í yọ mí lẹ́nu, déètì ni wàhálà. Títẹ̀ ẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan ń gba àsìkò, pàápàá lọ́jọ́ ìpàdé tí èrò bá tò síwájú tábìlì. Àwọn déètì kan á tún lọ fara ti apá òsì sẹ́ẹ̀lì (àpótí kékeré tí à ń kọ nǹkan sí nínú Excel), àwọn mìíràn á fara ti apá ọ̀tún, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ kan náà ló tẹ gbogbo wọn. Èyí tó wá burú jù ni pé ẹnì kan ní ká máa lo =TODAY(). Tí a bá ṣí fáìlì náà lọ́jọ́ kejì, gbogbo ẹni tó san owó lánàá á di ẹni tó san án lónìí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kó là mí lọ́yẹ̀.

Oníṣirò Ṣómólú

Akọ̀wé, ẹ kú iṣẹ́ ẹgbẹ́. Ẹ yọ =TODAY() kúrò nínú ìwé owó lónìí yìí. Fọ́múlà ni, ọjọ́ tí ẹ bá ṣí fáìlì ló máa ń gbé wá.

Ctrl pẹ̀lú sẹmikólọ̀nù ni ẹ ń wá. Ẹ bọ́ sórí sẹ́ẹ̀lì, ẹ di Ctrl mú, ẹ tẹ ; lẹ́ẹ̀kan, ẹ tẹ Enter. Déètì òní á bọ́ síbẹ̀, kò sì ní yí padà mọ́, àfi tí ẹ bá fọwọ́ ara yín pa á rẹ́. Tí ẹ bá tún fẹ́ kọ aago tí ẹni náà san owó, ẹ fi Shift kún un: Ctrl+Shift+;. Tí ẹ bá fẹ́ kí méjèèjì wà nínú sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo, ẹ tẹ Ctrl+;, ẹ fi àlàfo kan sí i, kí ẹ wá tẹ Ctrl+Shift+;.

Lọ́jọ́ tí èrò bá pọ̀, ẹ má tilẹ̀ yà sídìí déètì rárá. Ẹ kọ orúkọ àti owó tán ná. Lẹ́yìn náà, ẹ di Shift mú, ẹ fi ọfà ìsàlẹ̀ yan gbogbo sẹ́ẹ̀lì déètì ọjọ́ náà, ẹ tẹ Ctrl+;, ẹ sì fi Ctrl+Enter parí rẹ̀ dípò Enter lásán. Gbogbo sẹ́ẹ̀lì tí ẹ yàn á kún lẹ́ẹ̀kan náà. Tí ẹ bá gbàgbé Ctrl, ẹyọ kan péré ló máa gba déètì.

Èyí tí =TODAY() bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ lónìí, tí ọjọ́ rẹ̀ ṣì tọ̀nà, ẹ lè so ó mọ́lẹ̀: F2, F9, Enter. Fọ́múlà á lọ, déètì á dúró. Àmọ́ ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ti yí padà, Excel ò tọ́jú ọjọ́ àkọ́kọ́ síbì kankan. Ìwé rìsíìtì ni kí ẹ fi tún un kọ.

Atúnkọ̀ǹpútàṣe

Ẹ jẹ́ kí n fi kinní kan kún ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n. Aago kọ̀ǹpútà ni Ctrl+; ń wò. Kọ̀ǹpútà tó ti pẹ́, tí bátìrì kékeré inú rẹ̀ ti kú, lè padà sí ọdún àtijọ́ nígbàkígbà tí iná bá lọ. Ẹ wo igun ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láàárọ̀. Bátìrì yẹn kò wọ́n, irú èyí tó rí pẹlẹbẹ bíi owó ẹyọ ni.

Olùkọ́ Kọ̀ǹpútà

Ẹ kú ọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ òsì àti ọ̀tún yẹn ni mo fẹ́ dáhùn, torí pé òun ni gbòǹgbò ìyókù. Ojoojúmọ́ ni mo máa ń tún un sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi.

Nọ́ńbà ni Excel ń tọ́jú. Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1900 ni 1, ọjọ́ kejì rẹ̀ ni 2, ó ń ka ọjọ́ lọ bẹ́ẹ̀ láìdúró. Ọjọ́ tí Nàìjíríà gba òmìnira, ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1960, 22190 ni lójú Excel. Ọjọ́ kìíní ọdún 2025 jẹ́ 45658. Aago ni ìdá tó wà lẹ́yìn àmì (.) nínú nọ́ńbà náà, nítorí náà agogo méjìlá ọ̀sán jẹ́ ìdajì, 0.5. Ohun tí a ń rí lójú sẹ́ẹ̀lì, bíi 01/10/1960 tàbí 1-Oct-60, aṣọ tí wọ́n wọ̀ fún nọ́ńbà náà ni.

Tí ẹ bá tẹ nǹkan tí Excel gbà ní déètì, ó ti di nọ́ńbà nìyẹn, nọ́ńbà a sì máa fara ti ọ̀tún. Èyí tí kò bá gbà, á fi sílẹ̀ bí ọ̀rọ̀ lásán, ọ̀rọ̀ a sì máa fara ti òsì. Kò ṣeé fi ṣírò, kò sì ní tò bó ṣe yẹ tí ẹ bá ní kí ó to déètì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ẹ fẹ́ mọ èyí tó jẹ́ déètì tòótọ́? Ẹ tẹ Ctrl pẹ̀lú bọ́tìnnì tó wà lábẹ́ Esc, èyí tó ní àmì `. Déètì tòótọ́ á bọ́ aṣọ, á di nọ́ńbà bíi 45813. Èyí tó bá ṣì wà bó ṣe wà, ọ̀rọ̀ lásán ni. Ẹ tún tẹ ẹ́ kó padà bọ̀ sípò.

Nípa ìrísí, Ctrl+Shift+3 ló yá jù, òun náà ni wọ́n ń kọ ní Ctrl+Shift+#. Á gbé déètì jáde bíi 5-Jun-25. Bí kíbọọ̀dù yín bá jẹ́ ti Lọ́ńdọ̀nù, àmì # kò sí lórí 3, ẹ má bá a jà, Ctrl+1 ni kí ẹ lò, kò sí kíbọọ̀dù tí kò ti ṣiṣẹ́. Àpótí Format Cells á ṣí, ẹ bọ́ sí Custom, ẹ sì kọ bí ẹ ṣe fẹ́ ẹ: dd/mm/yyyy fún 05/06/2025, tàbí ddd dd-mmm-yyyy tí ẹ bá fẹ́ kí orúkọ ọjọ́ hàn. Èmi fẹ́ràn kí oṣù jẹ́ lẹ́tà. Kò sẹ́ni tó máa ka Jun sí May.

Tí déètì bá di ##### lójú yín, ẹ má fòyà, sẹ́ẹ̀lì ló há. Alt, H, O, I, ẹ tẹ̀ wọ́n tẹ̀ lé ara wọn, kọ́lọ́ọ̀mù á fẹ̀ tó.

Ó kù kinní kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ò mọ̀: pípààrọ̀ ìrísí kì í sọ ọ̀rọ̀ lásán di déètì. Ẹ lè lo Ctrl+1 títí ilẹ̀ á fi ṣú, èyí tó fara ti òsì ò ní kúrò níbẹ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Houston

Ẹ kú àṣeyege o, ẹ̀yin àgbà. Akọ̀wé, mo lè fi owó lé e pé kọ̀ǹpútà yín wà lórí ètò Amẹ́ríkà. Kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ tó ń ti ọ̀dọ̀ wa níbí wá sílé kì í yí ètò rẹ̀ padà fúnra rẹ̀. Níbí, oṣù ló ń ṣáájú ọjọ́. Nílé, ọjọ́ ló ń ṣáájú.

Ẹ wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ẹ tẹ 25/6/2025. Excel ní kò sí oṣù kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ó fi í sílẹ̀ bí ọ̀rọ̀, ó lọ sósì. Ẹ tẹ 5/6/2025, ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹfà lọ́kàn yín. Excel gbà á tayọ̀tayọ̀, ó lọ sọ́tùn-ún, ṣùgbọ́n ọjọ́ kẹfà oṣù karùn-ún ló kọ sílẹ̀. Èyí tó lọ sọ́tùn-ún yẹn gan-an ló léwu. Tòsì ń pariwo pé òun ti bàjẹ́, tọ̀tún dákẹ́ síbẹ̀ títí ọmọ ẹgbẹ́ fi máa wá sọ pé òun kọ́ ló jẹ owó oṣù kan.

Ní Windows, ẹ lọ sí Settings, Time & language, Language & region. Níbi Regional format, ẹ yan English (Nigeria) tàbí English (United Kingdom). Ẹ ti Excel pa, kí ẹ tún un ṣí.

Àwa ẹbí ní fáìlì kan tí èmi níbí àti àwọn àbúrò mi nílé jọ ń kọ nǹkan sí, torí ìnáwó Màámi. Ọdún la fi ń ṣáájú nínú rẹ̀: 2025-06-05. Kò sí kọ̀ǹpútà tó ń ṣi èyí kà, ì báà wà lórí ètò Amẹ́ríkà tàbí ti Nàìjíríà. ISO 8601 ni wọ́n ń pe ìlànà náà, láti 1988 ló ti wà.

Akọ̀wé Àjẹsẹ́kù

Ọ̀gá wa ní Houston, ẹ kú ojú lọ́nà jíjìn! Mo lọ wò ó, English (United States) ni lóòótọ́. Mo ti yí i sí Nigeria. Àwọn tí a ti kọ tẹ́lẹ̀ wá ńkọ́? Wọ́n pọ̀ kọjá kí n máa tún wọn tẹ̀.

Oníṣirò Ṣómólú

Ẹ má tún wọn tẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà fáìlì náà, kí ẹ fi ti àkọ́kọ́ pamọ́. Ètò tí ẹ yí padà kò fọwọ́ kan nọ́ńbà tó ti wà nílẹ̀. Èyí tó wọlé lódì ṣì wà bó ṣe wọlé, àmọ́ ẹ lè fi fọ́múlà yí i. Bí déètì bá wà ní kọ́lọ́ọ̀mù A láti ìlà kejì, ẹ lọ sí kọ́lọ́ọ̀mù tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹ kọ:

=IF(ISNUMBER(A2),IF(DAY(A2)>12,A2,DATE(YEAR(A2),DAY(A2),MONTH(A2))),DATEVALUE(A2))

Mo fẹ́ kí ẹ mọ ohun tó ń ṣe, torí owó olówó ni. Tí A2 bá jẹ́ ọ̀rọ̀ lásán, bíi 25/6/2025, DATEVALUE á sọ ọ́ di déètì, nítorí pé kọ̀ǹpútà yín ti mọ̀ báyìí pé ọjọ́ ló ṣáájú. Tí A2 bá jẹ́ nọ́ńbà, ó ti gbé ọjọ́ sípò oṣù, fọ́múlà á dá wọn padà sí ipò wọn. Ti DAY(A2)>12 ńkọ́? Déètì tó bá yí sódì lábẹ́ ètò Amẹ́ríkà kò lè ní ọjọ́ tó ju 12 lọ, torí oṣù tí ẹ tẹ̀ ló di ọjọ́ rẹ̀. Nítorí náà, nọ́ńbà tí ọjọ́ rẹ̀ bá ti kọjá 12, ọ̀nà mìíràn ló gbà wọlé, ó sì tọ̀nà, ẹ fi í sílẹ̀.

Ibi tí fọ́múlà ò ti lè gbà yín nìyí: déètì tí Ctrl+; bá kọ láàárín ọjọ́ kìíní sí ìkejìlá oṣù tọ̀nà tẹ́lẹ̀, fọ́múlà á sì dojú rẹ̀ dé. Tí ẹ bá ti ń da ọ̀nà méjèèjì pọ̀, ẹ mú rìsíìtì àwọn ọjọ́ wọ̀nyẹn jáde, kí ẹ yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Tó bá ti dá yín lójú, ẹ fi Ctrl+D fa fọ́múlà náà dé ìsàlẹ̀, ẹ yan gbogbo rẹ̀, Ctrl+C. Ẹ bọ́ sórí A2, Ctrl+Alt+V, ẹ tẹ V, Enter. Iye nìkan ló máa bọ́ síbẹ̀, fọ́múlà ò ní tẹ̀ lé e. Tó bá gbé 45813 jáde, ẹ ti mọ ohun tó jẹ́: Ctrl+Shift+3.

Apòògùn Òṣogbo

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n gbèjà =TODAY() díẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀bù wa, òun ló ń sọ iye ọjọ́ tó kù kí oògùn kan tó kọjá àsìkò: =B2-TODAY(). A fẹ́ kó yí padà lójoojúmọ́. Fún ọjọ́ tí nǹkan ti ṣẹlẹ̀, Ctrl+;. Fún kíka ọjọ́ tó kù, TODAY.

Ohun tó gbé mi dé ibí gan-an ni ọdún olóǹkà méjì. Ẹ má tẹ 30 dípò 2030! Lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà, bí ètò Excel ṣe wà látilẹ̀wá, 00 dé 29 jẹ́ ọdún 2000 sí 2029, ṣùgbọ́n 30 dé 99 jẹ́ 1930 sí 1999. Oògùn tó máa lò títí di 31/8/30 á di èyí tó ti kú láti 1930. Oògùn tó ń wọlé báyìí ti ń gbé 2029 àti 2030 lórí páálí, nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí ti wọlé dé. Ẹ̀yin alájẹsẹ́kù náà, tí ẹ bá ń kọ ọjọ́ tí ẹ̀yáwó máa parí, ẹ kọ ọdún ní pípé.

Tí páálí bá kọ oṣù àti ọdún nìkan, títí òpin oṣù náà la lè lò ó. Mo máa ń tẹ 1/8/2030, kí n fi =EOMONTH(A2,0) gbé 31/8/2030 jáde.

Ẹ tún lè fi ọgbà yí kọ́lọ́ọ̀mù ká kí òṣìṣẹ́ má baà tẹ ìtẹ̀kutẹ̀. Ẹ fi Ctrl+Space yan kọ́lọ́ọ̀mù, Alt, A, V, V. Níbi Allow ẹ yan Date, kí ẹ ní kò gbọdọ̀ ṣáájú ọjọ́ tí iṣẹ́ yín bẹ̀rẹ̀. 1930 ò ní lè wọlé. Ọ̀rọ̀ lásán náà ò ní lè wọlé.

Ìyá Alájọ

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ṣeun. Ọmọ mi ló ń kà á fún mi tó sì ń bá mi tẹ èyí. Ọjọ́ ọjà ni mo fi ń gba àjọ, ọrọọrún lọjà wa, kì í ṣe Mọ́ńdè sí Mọ́ńdè. Ṣé Excel lè kọ ọjọ́ ọjà sílẹ̀ fún mi dé òpin ọdún?

Olùkọ́ Kọ̀ǹpútà

Ẹ kú ọjà, Màámi. Ó lè ṣe é dáadáa, torí nọ́ńbà ni déètì. Kí ọmọ yín tẹ ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀ sí A2. Ní A3, kó kọ =A2+4, kó sì fi Ctrl+D fà á wálẹ̀. Mẹ́rin ni kó kọ o, kó má kọ márùn-ún, nítorí pé àwa máa ń ka ọjọ́ òní mọ́ ọn, Excel kì í kà á mọ́ ọn. Fún ọjà ìsán, mẹ́jọ.

Tí ẹ kò bá fẹ́ fọ́múlà, ẹ yan A2, kí ẹ tẹ Alt, H, F, I, S. Àpótí Series á ṣí. Ẹ yan Columns, ẹ kọ 4 sí Step value, ẹ kọ ọjọ́ ìkẹyìn ọdún sí Stop value, Enter. Gbogbo ọjọ́ ọjà ọdún á tò sílẹ̀.

Kí ẹ lè rí orúkọ ọjọ́ lédè wa, èyí ń dùn mọ́ àwọn oníbàárà nínú tí wọ́n bá rí i lórí káàdì:

=CHOOSE(WEEKDAY(A2),"Àìkú","Ajé","Ìṣẹ́gun","Ọjọ́rú","Ọjọ́bọ̀","Ẹtì","Àbámẹ́ta")

Àìkú ló ṣáájú nítorí pé ọjọ́ Sunday ni WEEKDAY ń pè ní 1.

Ìyá Alájọ

Olúwa á bù kún yín. Ó ti jáde! Mo ti fi wé kàlẹ́ńdà ara ògiri, ó bá a mu títí dé oṣù Kejìlá.

Òpìtàn Ẹ̀gbá

Fún ẹni tó ń kọ ìtàn ìdílé: Excel kò mọ déètì tó ṣáájú 1900. Baba ńlá tí wọ́n bí ní 1889, bí ọ̀rọ̀ lásán ni ọjọ́ ìbí rẹ̀ máa wà. LibreOffice Calc, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, gbà á ní déètì gidi, Ctrl+; sì ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ náà. Ẹni tó bá fẹ́ dúró lórí Excel, kó kọ ọ́ ní 1889-03-14 fún gbogbo àwọn tó ṣáájú 1900, wọ́n á ṣì tò tẹ̀ lé ara wọn.

Oníṣirò Ṣómólú

Mo rántí èyí tó bá àsìkò mu. Tí ẹ bá tẹ ọjọ́ àti oṣù nìkan, bíi 28/12, Excel á fi ọdún tí a wà kún un. Nínú oṣù kìíní, nígbà tí ẹ bá ń kọ àwọn owó Kérésìmesì tó pẹ́ wọlé, ọdún tuntun ló máa fi sí i láìsọ fún yín. Lóṣù yẹn, ẹ tẹ ọdún.

Nọ́ńbà ilé àti nọ́ńbà ṣọ́ọ̀bù náà ń kó sí ìṣòro yìí. 3/5 tàbí 12-4 á di déètì kí ẹ tó ṣẹ́jú. Ẹ fi àmì ' ṣáájú rẹ̀: '3/5. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì pàápàá ò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 2020, ìgbìmọ̀ tó ń sọ àwọn jíìnì ènìyàn lórúkọ yí SEPT1 padà sí SEPTIN1, torí pé Excel ń kà á sí oṣù September.

Akọ̀wé Àjẹsẹ́kù

Ẹ ṣé gan-an. Fọ́múlà ṣiṣẹ́, gbogbo wọn ti wà lápá ọ̀tún, mo sì ti fi rìsíìtì yẹ àwọn ọjọ́ kìíní sí ìkejìlá wò. Ìbéèrè kan ló kù. Akápò wa ń lo Google Sheets, ìgbà mìíràn lórí Mac ọmọ rẹ̀, ìgbà mìíràn lórí fóònù.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Houston

Ní Google Sheets, Ctrl+; fún déètì, Ctrl+Shift+; fún aago, Ctrl+Alt+Shift+; fún méjèèjì pa pọ̀. Lórí Mac, Command ló ń gba ipò Ctrl nínú Sheets. Tó bá jẹ́ Excel ló ṣí lórí Mac náà, kó ṣọ́ra: Control+; ni déètì, Command+; ni aago. Ètò ọjọ́ Sheets kì í ṣe ti kọ̀ǹpútà, inú fáìlì ló wà: File, Settings, Locale, kó yan Nigeria tó bá wà níbẹ̀, tàbí United Kingdom. Ẹ̀ẹ̀kan ló máa ṣe é fún fáìlì náà, gbogbo ẹni tó bá ṣí i á bá a bẹ́ẹ̀. Ìgbà tó bá wà lórí fóònù, kó tẹ 2025-06-05, ọdún ṣáájú.

Akọ̀wé Àjẹsẹ́kù

Mo ti fi ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp. Locale rẹ̀, United States ni òun náà. Ẹ̀dà fáìlì ló ń ṣe lọ́wọ́ báyìí kó tó fi fọ́múlà Oníṣirò sí i.